Kí Wọ́n Tó Fọ Ìkòkò: Iṣẹ́ Tí Ẹ̀rọ Ọwọ́ Ń Ṣe Lórí Oró Ewéko l'Ékòó

Bó ṣe sábà máa ń rí rèé. Ẹni mẹ́ta jẹun nínú ìkòkò kan ní Mushin, kò pẹ́ tí èébì àti òòyì fi bẹ̀rẹ̀. Kí ọkọ̀ tó gbé wọn dé ọsibítù, àdúgbò ti ń pariwo "májèlé!" Ẹnì kan nínú ilé tí kò ní ibi lọ́kàn rárá á gbá èébì, á fọ ìkòkò, á da ọbẹ̀ tó kù sí gọ́tà. Nígbà tí dókítà tàbí ọlọ́pàá bá fi máa béèrè ohun tí wọ́n jẹ, ẹ̀rí ti bá omi gọ́tà lọ. Ohun tó kù ò ju ẹnu ayé lọ, ẹnu ayé kì í sì í pẹ́ rí ẹni tó máa nàka sí: ìyàwó kejì, ìyá ọkọ, ọmọ ọ̀dọ̀, aládùúgbò tí wọ́n jọ jà lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Ìdí nìyí tó fi yẹ kí àwa ará Èkó mọ bí àwọn ẹ̀rọ kékeré tó ń dá oró ewéko mọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ náà ò tóbi ju fóònù lọ, bátìrì ló ń lò, wọ́n sì lè gbé e dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì aláìsàn tàbí inú ilé tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ó lè sọ fún wa bóyá gègèmù ló yẹ ká fura sí, tàbí sáyánáìdì inú pákí, tàbí pé ká wá nǹkan mìíràn lọ. Ó ń gba àkókò là, ó sì ń jẹ́ ká mọ ohun tó yẹ ká tọ́jú. Ìdájọ́ ò sí lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá ń tà á pẹ̀lú ìlérí pé ó ń mú ọ̀daràn kò sọ òótọ́ fún ẹni tó ń rà á.

Ọ̀rọ̀ àkókò yìí kì í ṣe kékeré. Láti ọdún 1850 ni Jean Stas ní Bẹ́ljíọ̀mù ti yọ nicotine, oró inú ewé tábà, jáde lára òkú ọkùnrin kan tí wọ́n pa, ayé sì ti mọ̀ láti ìgbà náà pé oró ewéko ṣeé rí lára òkú. Àmọ́ òkú tí wọ́n tètè yẹ̀ wò ló ń sọ̀rọ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní òfin kòrónà, ìyẹn òfin aṣèwádìí ikú, láti ọdún 2007, tó ní kí wọ́n wádìí ikú tó bá ṣàjèjì. Ní 2017, ìjọba ṣí ilé àyẹ̀wò DNA àti fọ̀rẹ́ńsíìkì (àyẹ̀wò ẹ̀rí ọ̀ràn) sí Erékùṣù Èkó, àwọn jàǹdùkú sì bà á jẹ́ nínú rògbòdìyàn oṣù kẹwàá ọdún 2020. Nígbà tí ọ̀dọ́ akọrin tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí MohBad kú ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ọjọ́ kejì ni wọ́n sin ín, ọjọ́ kẹjọ lẹ́yìn ìsìnkú ni wọ́n tó hú òkú rẹ̀. Onímọ̀ tó ṣe àyẹ̀wò òkú náà jẹ́rìí níwájú kòrónà pé ara ti jẹrà débi pé òun ò lè sọ pàtó ohun tó fa ikú. Ilé àyẹ̀wò tó dára jù láyé ò lè dá ọjọ́ tó ti lọ padà.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀rọ náà nítòsí. Ẹni tó bá ti rí èyí tí àwọn alátọ̀gbẹ fi ń wo ṣúgà ti rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Sítíríìpù kan wà tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta, tó fẹ̀ tó ọ̀kan, tí wọ́n fi ike tàbí amọ̀ funfun ṣe. Ojú mẹ́ta ni wọ́n tẹ̀ sí orí rẹ̀: ìṣù dúdú róbótó kan láàárín, tí kò fẹ̀ ju mìlímítà mẹ́ta sí mẹ́rin lọ, kábọ́ọ̀nù ni; kábọ́ọ̀nù mìíràn tó yí i ká bí òṣùpá tí kò kún; àti ojú fàdákà kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Orí ìṣù àárín yẹn ni iṣẹ́ ti ń ṣẹlẹ̀. Fàdákà ni òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ iye volt tó wà lórí rẹ̀. Kábọ́ọ̀nù kejì, tó yí ìṣù ká, ló ń jẹ́ kí iná rí ọ̀nà gbà yí po. Omi tó tó ẹ̀kán méjì, ìyẹn bíi 100 microlitre, ló máa bo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ̀rọ á wá máa fi volt kún volt díẹ̀díẹ̀. Tó bá dé ibi tí oró náà kò lè mú ara dúró mọ́, oró á jọ̀wọ́ electron rẹ̀, ẹyọ kékeré tó ń gbé iná, fún kábọ́ọ̀nù, iná tó ń kọjá á fò sókè, góńgó kan á sì yọ lójú fóònù tí wọ́n so mọ́ ẹ̀rọ náà. Ibi tí góńgó wà ló ń sọ ohun tó ṣeé ṣe kó jẹ́, gíga rẹ̀ ló ń sọ bó ṣe pọ̀ tó.

Gègèmù la máa fi ṣe àpẹẹrẹ, torí ó wà lára àwọn ewéko tó ń gbé èèyàn dé ọsibítù, tí àwọn ọ̀dọ́ kan ń pò mọ́ ọtí nítorí àtiyó. Apikán ni àwọn mìíràn ń pè é. Datura metel ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Oró méjì, atropine àti scopolamine, wà nínú ewé rẹ̀, nínú òdòdó rẹ̀ àti nínú kóró rẹ̀. Ẹni tó bá mu ún, ẹnu rẹ̀ á gbẹ, ara rẹ̀ á gbóná láìlàágùn, dúdú inú ẹyinjú rẹ̀ á fẹ̀, á sì máa bá ẹni tí kò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀. Àwọn ará ilé máa ń rò pé wọ́n ta nǹkan sí i ni, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbé e lọ sí ibi tí kò sí dókítà.

Kí ẹnikẹ́ni tó tan ẹ̀rọ, kí ó kọ́kọ́ fi asẹ́ kékeré sẹ èébì tàbí ohun tí wọ́n fà jáde nínú ikùn. Kóró gègèmù pẹlẹbẹ, àwọ̀ rẹ̀ dà bíi ti ilẹ̀, ó sì tẹ̀ bí etí ọmọdé. Kóró ata àti ti tòmátì jọ ọ́, àmọ́ lábẹ́ dígí tó ń mú nǹkan tóbi, tòmátì ní irun wẹ́wẹ́ lára, ti ata sì mọ́ra jù ú lọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kóró kan ṣoṣo tí wọ́n rí lójú asẹ́ ti wúlò ju wákàtí méjì ẹ̀rọ lọ. Wọ́n á gbẹ ẹ́, wọ́n á fi sínú ìgò tirẹ̀ lọ́tọ̀, wọ́n á kọ àkọlé sí i.

Lẹ́yìn èyí ló kan sítíríìpù. Nitrogen tó wà nínú atropine ló ń jọ̀wọ́ electron, àmọ́ nínú omi tó kan tàbí omi lásán, haidirójìn ti jókòó lé e lórí, kì í jẹ́ kó fi nǹkan sílẹ̀. Nígbà tí pH, òṣùwọ̀n bí omi ṣe jìnnà sí kíkan tó, bá ga dé nǹkan bíi 9.8 ni ìdajì wọn tó bọ́ haidirójìn náà kúrò. Ìdí nìyí tí a fi ń lo omi bọ́fà, ìyẹn omi tí pH rẹ̀ kì í tètè yí padà, tí pH náà tó 10. Ti scopolamine rọrùn díẹ̀, òun ti ń bọ́ tirẹ̀ láti pH 7 àti ààbọ̀ lọ. Àwọn onímọ̀ ní Manchester Metropolitan University nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ iṣẹ́ kan jáde ní 2013 tó fi hàn pé sítíríìpù kábọ́ọ̀nù lásán lè rí atropine nínú ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Láti ìgbà náà ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ń pọ̀ sí i, pàápàá ní Bùràsíìlì, níbi tí wọ́n ti ń fi oògùn sínú ọtí èèyàn láti jà á lólè.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Bọ́fà lásán ló kọ́kọ́ ń lọ sórí sítíríìpù. Ìlà rẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Tí góńgó bá ti yọ níbẹ̀, ìdọ̀tí ló wà nínú bọ́fà tàbí lórí ìbọ̀wọ́, kí wọ́n má sì lọ síwájú. Lẹ́yìn náà, wọ́n á wá irú ohun mímu kan náà tí kò lábùkù: tó bá jẹ́ zóbò ni wọ́n bá nílé ìjàǹbá, kí wọ́n wá zóbò mìíràn, kí wọ́n dán an wò lọ́nà kan náà kí wọ́n lè fi wé e. Ìdá kan sáńpù, ìyẹn ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò, á lọ sínú ìdá mẹ́sàn-án bọ́fà, ìyẹn 100 microlitre sínú 900, wọ́n á fi asẹ́ abẹ́rẹ́ tí ojú rẹ̀ jẹ́ 0.45 micrometre sẹ́ ẹ, wọ́n á wá kán an sórí sítíríìpù tuntun. Ẹ̀rọ á gùn ún láti +0.4 volt dé nǹkan bíi +1.2. Góńgó atropine àti ti scopolamine sábà máa ń yọ ní sàkáání +0.8 sí +1.0. Mo ní sàkáání, torí pé sítíríìpù ilé iṣẹ́ kan yàtọ̀ sí ti òmíràn, ti inú páálí kan náà pàápàá lè yàtọ̀ síra.

Ìgbésẹ̀ tó kàn ni àwọn èèyàn máa ń fò, òun gan-an ló sì ń gba ẹni tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀sùn. Wọ́n á mú atropine tí a mọ iye rẹ̀, wọ́n á kán díẹ̀ sínú sáńpù kan náà, wọ́n á tún un dán wò. Tí góńgó àkọ́kọ́ bá ga sí i ní ibi tó wà gan-an, tí kò yẹsẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ atropine. Tó bá di góńgó méjì, tàbí tí èjìká yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nǹkan mìíràn ni a rí lákọ̀ọ́kọ́. Sítíríìpù mẹ́ta ni kí wọ́n fi ṣe ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má sì tún èyíkéyìí lò.

Nǹkan mìíràn náà pọ̀ l'Ékòó. Fítámì C inú ọsàn àti àwọ̀ pupa inú zóbò ń jọ̀wọ́ electron lọ́fẹ̀ẹ́. Àgbo jẹ̀dí tí àwọn ìyá alágbo ń tà láti Jankara dé Ojúwòyè kún fún èèpo igi tó ń fa ìlà sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, góńgó kékeré á sì rì sínú rẹ̀. Paracetamol ń yọ ní volt tó kéré sí ti atropine, àmọ́ tó bá pọ̀ nínú ìtọ̀, ìrù rẹ̀ á gùn dé ibi tí kò yẹ. Obì àti ohun mímu agbára ní caffeine, tí tirẹ̀ ń yọ lókè lọ́hùn-ún. Ẹ̀jẹ̀ àti wàrà ní purotéènì tó ń lẹ̀ mọ́ kábọ́ọ̀nù bí ọ̀rá ṣe ń lẹ̀ mọ́ àwo, góńgó á máa kúrú bí a ṣe ń tún un ṣe, ẹni tí kò bá mọ̀ á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí oró níbẹ̀. Pípò ó mọ́ bọ́fà sí i, ìdá kan sí ọgọ́rùn-ún, ń dín gbogbo wàhálà yìí kù, ṣùgbọ́n ó ń dín oró náà kù pẹ̀lú. Ọwọ́ tó ti ṣe é lọ́pọ̀ ìgbà ló mọ ibi tó yẹ kó dúró.

Kí wọ́n má fi sáńpù tó ti wà nínú bọ́fà pH 10 sílẹ̀ lórí tábìlì kí wọ́n lọ jẹun. Nínú irú omi bẹ́ẹ̀, pàápàá nínú ooru wa, atropine ń pín sí méjì díẹ̀díẹ̀. Kí wọ́n pò ó, kí wọ́n dán an wò lójú ẹsẹ̀, kí ìyókù sáńpù tí wọn ò tíì pò mọ́ nǹkan wà nínú yìnyín.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti oògùn ọsibítù. L'Ékòó, Sniper, oògùn ẹ̀fọn olómi tí NAFDAC ti fòfin de ìgò kéékèèké rẹ̀ láti 2019, ṣì ń gbé èèyàn dé ọsibítù. Atropine sì ni dókítà fi ń gba ẹni tó bá mu Sniper là. Tí wọ́n bá gba ìtọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti fún un ní abẹ́rẹ́, ẹ̀rọ á rí atropine, òótọ́ ló sì rí. Tí kò bá sí ẹni tó kọ aago abẹ́rẹ́ náà sílẹ̀, ìdílé á jáde pẹ̀lú ariwo pé gègèmù ni wọ́n fún ọmọ àwọn. Buscopan tí wọ́n ń lò fún inú rírun náà, ọmọ ilé scopolamine ni. Sáńpù tí kò bá ní ìwé oògùn tó bá a rìn, ewu ni.

Sáyánáìdì ní ọ̀nà tirẹ̀. Pákí kì í gbé e kiri bẹ́ẹ̀. Linamarin, èròjà tó so sáyánáìdì mọ́ra, ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tí a bá rin pákí, omi ara rẹ̀ tó lè tú linamarin á pàdé rẹ̀, gáàsì sáyánáìdì á sì máa jáde nígbà tí a bá fún un, tí a jẹ́ kó kan, tí a yan án. Òṣùwọ̀n àgbáyé tí sáyánáìdì inú gàrí kò gbọ́dọ̀ kọjá ni mílígíráàmù 2 nínú kílò kan, ti ìyẹ̀fun pákí jẹ́ 10. Ọ̀nà kan wà tó ti pẹ́ tí kò nílò iná rárá, tí Howard Bradbury àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ọsirélíà sọ di ohun àpò ọwọ́: 100 mílígíráàmù ìyẹ̀fun sínú ìgò kékeré, bébà tó ní èròjà tó ń tú linamarin, omi díẹ̀, àti bébà picrate aláwọ̀ òféèfé tí kò kan omi. Wọ́n á dé e pa fún wákàtí 16 sí 24. Bí gáàsì ṣe ń jáde, bébà náà á máa pọ́n lọ sí àwọ̀ ilẹ̀. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ tó ń wo àwọ̀ á fi omi mílílítà márùn-ún yọ àwọ̀ náà, á kà á ní 510 nanometre, á sọ iye tó rí di ìlọ́po 396, ó di mílígíráàmù nínú kílò.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbí ni kí wọ́n wá sáyánáìdì tó ti tú nìkan. Èyí tó ṣì wà nínú linamarin kò ní hàn, oúnjẹ á dà bí ẹni pé ó mọ́. Bébà tó ń tú u yẹn kò ṣeé fi sílẹ̀.

Ìwọ̀n ooru 26 péré ni gáàsì sáyánáìdì fi ń hó. Ojú ọjọ́ Èkó kọjá bẹ́ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ ọdún. Ohun inú ikùn tí wọ́n dà sínú láílọ́ọ̀nù, tí wọ́n fi ọkọ̀ gbé láti Ìdúmọ̀tà dé Ìdí-Àràbà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, á ti tú púpọ̀ nínú ẹ̀rí rẹ̀ sí afẹ́fẹ́ kó tó dé. Ìgò ni kí wọ́n lò, kó ní ìdérí oníṣíkúrúù, kí ohun tó wà nínú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kún dé ẹnu, kó sì wà nínú yìnyín láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan máa ń gbé ẹ̀rọ gáàsì tí wọ́n ń lò ní ilé iṣẹ́ ńláńlá wá síbi òkú. Ó lè ran ni lọ́wọ́, àmọ́ ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń ṣi gáàsì tó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́ mú fún sáyánáìdì, òkú tó ti ń jẹrà sì kún fún gáàsì yẹn. Bébà tí a rẹ sínú lead acetate ni kí wọ́n fi sí ẹnu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Gáàsì ẹyin á dúró lórí bébà, bébà á dúdú, sáyánáìdì á kọjá.

Kí wọ́n tó pe ohun tí wọ́n rí ní májèlé, wọ́n gbọ́dọ̀ rántí irú èèyàn tí a jẹ́. Ara wa máa ń sọ sáyánáìdì inú oúnjẹ di thiocyanate, ó sì ń bá ìtọ̀ jáde. Ẹni tó ń mu gàrí lójoojúmọ́ ní i ju ẹni tí kò jẹ ẹ́ lọ. Láti àwọn ọdún 1960 ni Benjamin Oluwakayode Osuntokun ní Ìbàdàn ti ń kọ̀wé lórí àìsàn iṣan tó jọ mọ́ oúnjẹ pákí. Òṣùwọ̀n tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún àwọn tí kò mọ gàrí rí lè ka aláàfíà ọmọ Agége mọ́ ẹni tí wọ́n fún ní májèlé. Ẹni tí iná jó mọ́lé náà máa ń ní sáyánáìdì nínú ẹ̀jẹ̀, torí fóòmù àga àti ike tó ń jó ń tú u jáde. A nílò òṣùwọ̀n tiwa, tí a mú lára àwọn ará Èkó fúnra wọn, kí ẹ̀rọ yìí tó lè wọ ìlú dáadáa.

Sítíríìpù míì wà tó dà bíi ti àyẹ̀wò oyún, tó ń yọ ìlà. Òmíràn ni èyí tí wọ́n fi ike ṣe àpẹẹrẹ oró náà sí orí kábọ́ọ̀nù, bí ẹni fi kọ́kọ́rọ́ tẹ ọṣẹ, kó lè jẹ́ òun nìkan ló máa wọ ihò náà. Wọ́n dára, àmọ́ ihò yẹn ń gba ẹbí oró náà pẹ̀lú.

Ooru àti ìrì òkun ń bá sítíríìpù jà. Fàdákà orí rẹ̀ ń yí padà tí páálí bá ti ṣí, góńgó á sì ṣí kúrò ní àyè rẹ̀ láìsí ẹni tó mọ̀. Kí wọ́n máa fi potassium ferricyanide, tí ibi góńgó rẹ̀ ti di mímọ̀, dán sítíríìpù kan wò láràárọ̀. Tó bá ti yẹ̀, kí wọ́n da páálí náà nù.

Ní ilé ẹjọ́, ohun tí ẹ̀rọ ọwọ́ rí jẹ́ ìfura tó nídìí. GC-MS tàbí LC-MS, àwọn ẹ̀rọ ńlá tó ń ya èròjà sọ́tọ̀ tó sì ń wọn ìwúwo wọn ní ilé àyẹ̀wò, ló ń fi í múlẹ̀. Abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 sì béèrè ìwé ẹ̀rí fún ohunkóhun tó bá jáde láti inú kọ̀ǹpútà, fóònù tó ya ìlà náà sì wà lára rẹ̀. Fọ́tò ojú fóònù tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp kò tó. Kí wọ́n tọ́jú fáìlì gan-an, nọ́ńbà ẹ̀rọ, nọ́ńbà páálí sítíríìpù, àti ìlà bọ́fà lásán tó ṣáájú. Lọ́yà tó mọṣẹ́ á béèrè ìlà bọ́fà yẹn kó tó béèrè ohunkóhun.

Ọsibítù tí kò tíì lágbára àtira ẹ̀rọ lè bẹ̀rẹ̀ lónìí pẹ̀lú ìgò mẹ́rin oníṣíkúrúù, kúlà kan tó ní yìnyín, téèpù ìdìmú àti gègé tí omi kì í pa. Ìgò kan fún èébì, ọ̀kan fún ìtọ̀ àkọ́kọ́ tí aláìsàn bá tọ̀, ọ̀kan tó ti ní sodium fluoride, èròjà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè bàjẹ́, fún ẹ̀jẹ̀, ọ̀kan fún ìyókù oúnjẹ tàbí ohun mímu. Lára ìgò kọ̀ọ̀kan: ọjọ́, aago, orúkọ ẹni tó gbà á àti ti ẹni tó wà níbẹ̀, àti gbogbo oògùn tí wọ́n ti fún aláìsàn kí ó tó tọ̀.